Lẹ́tà Nítorí Oighrig

Ó wọlé pẹ̀lú òórùn irun àgùntàn,
ó ní kì í ṣe nítorí ara òun lòun ṣe wá,
nítorí okùn ni.
Okùn ń já lórí òfì rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́.
Ọwọ́ tó ti ń hunṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá
kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Oighrig NicAsgaill, ẹni tí kì í kérora.
Mo ní kó na ìka méjèèjì síwájú mi,
mo tẹ́ bébà kan lé e lórí.
Bébà náà ń gbọ̀n bí koríko etí òkun.
Ọkàn rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé,
bẹ́ẹ̀ orí àga ló jókòó sí.
"Ṣé ò ń jẹun?"
"Mò ń jẹ bí alágbàṣe."
Síbẹ̀, píìnì ńlá méjì ló fi há síkẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí.
Òtútù Oṣù Kejì ń gé àwa yòókù létí;
tirẹ̀, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ lóru,
ó ń làágùn.

Lábẹ́ gọ̀gọ́ńgọ̀, níbi tí ẹ̀gbà ọrùn ń sùn,
labalábá ẹlẹ́ran kan wà níbẹ̀
tó ń bu iná ara fúnni, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń bu epo.
Ti Oighrig ti sọ òṣùwọ̀n nù.
Ó kàn ń dà á ni.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ,
èsì dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Nọ́ọ̀sì Beathag kà á, ó ní:
"Ẹ fún un lóògùn, kẹ́ ẹ máa wò ó fóṣù mẹ́ta ná.
Òkun ń ru. Inverness jìnnà.
Ta ni yóò bọ́ àgùntàn rẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ.
Irú òótọ́ yẹn ni mo tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ Tormod.

Tormod apẹja. Mo ní ọtí ló ń gbọ̀n án lọ́wọ́.
Mo ní ọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sùn.
Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá wa ọ̀dùnkún tán.
Wọn ò tíì wà á tán tí ara rẹ̀ fi gbóná bí ààrò,
tó ń pe ìyàwó rẹ̀ lára ògiri,
tí ọkàn rẹ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹja inú àwọ̀n.
Hẹlikópítà ń yí lókè, ìkúùkù ò jẹ́ kó balẹ̀.
Àìtètè mólè, olè ń mólóko.
Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpótí tábìlì mi,
ìlà mẹ́ta péré, n ò kọ ọ́ tán.

Láti ìgbà náà n kì í bi òkun léèrè mọ́.
Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, mo mú kálàmù.
Bí aláìsàn bá lóyún, mo kọ ọ́ kíákíá.
Bí ọkàn bá sì ń fo ìgbésẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí èémí ń kúrú,
ta ló ń wá kálàmù? Fóònù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo wo ojú rẹ̀.
Ìpéǹpéjú òsì ti ká sókè,
funfun hàn lórí ẹyinjú bí ìfófòó lórí ìgbì.
"Sìgá mélòó?"
"Mẹ́wàá."
"Jọ̀wọ́ jáwọ́, nítorí ojú yìí."
Ó rẹ́rìn-ín. Kò ṣèlérí.

Mo fún un lóògùn tí yóò fi rìnrìn àjò.
Mo ní: bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ọ́, tàbí tí ibà bá dé,
má lo ẹyọ kan sí i, pè mí,
bó tilẹ̀ jẹ́ Sọ́ńdè,
tí erékùṣù yìí kì í jẹ́ káṣọ fẹ́ lórí okùn.

Ó ní, "Aṣọ ńkọ́? Ìdajì rẹ̀ ṣì wà lórí òfì."
N ò mọ èsì.
Okun ti tán lápá rẹ̀,
okùn já,
òkun ló kù láàárín òun àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Mo fọwọ́ sí lẹ́tà.
Beathag ò sọ nǹkan kan.
Ó na ọwọ́ sí Oighrig,
ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé àgùntàn.